Bàbá Kan, Ìwé Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Máa Yanjú Àkọsílẹ̀ Tó Tako Ara Wọn Nínú Ìtàn Ìdílé Yín

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń wá ìtàn ìdílé wọn ń bi mí léraléra: "Búráímọ̀ ni orúkọ bàbá àgbà mi nínú rìsíìtì owó orí. Ibrahim ni wọ́n kọ sí rẹ́jísítà ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Pósítà ìsìnkú sì ní ẹni ọdún 115 ni nígbà tó jáde láyé. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹ má tíì gba ìwé kankan gbọ́ látòkè délẹ̀, ẹ má sì ju ìkankan nù. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé là ń dá lẹ́jọ́, a kì í dá odindi ìwé lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pósítà tó fi ọjọ́ orí kún ọjọ́ orí lè jẹ́ òun nìkan ló to orúkọ gbogbo ìyàwó àti ọmọ olóògbé bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ní ìtẹ̀léra ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan, pàápàá ìkẹta.

## Ohun tí ẹ kò ní rí

Ètò ìkànìyàn wáyé ní Nàìjíríà ní 1952 sí 1953, ní 1963, ní 1991 àti ní 2006. Wọ́n fagi lé ti 1962 àti ti 1973. Iye èèyàn ni ìjọba ń gbé jáde nínú gbogbo wọn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ orúkọ ará ilé sí kò sí níbi tí ará ìta ti lè kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kí òun bá yín yọ "ojú ewé bàbá yín nínú ìkànìyàn 1963", ẹ pa àpò yín dé.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa nílé nìwọ̀nyí:

- rìsíìtì owó orí, pàápàá èyí tó ní orúkọ àdúgbò lórí
- rẹ́jísítà tí ilé ìwé fi ń gba ọmọ wọlé
- ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ìwé yìgì
- ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀
- ìwé ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín ogún
- ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù
- pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú

Ìdílé tí èèyàn wọn ti lọ sókè òkun ló ní ìkànìyàn tó ní orúkọ láti yẹ̀ wò. Ti England àti Wales tí wọ́n kà ní 19 June 1921 ti ṣí sílẹ̀ láti 2022. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà tí wọ́n kà ní 1 April 1950, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì FamilySearch. Ẹ má wá ti England 1931: iná ti jó o ní 1942. Wọn kò ka ti 1941 rárá nítorí ogun, ṣùgbọ́n rẹ́jísítà September 1939 wà tó lè dípò rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ da ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ bó ṣe wà

1. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹ̀yìn rìsíìtì ni àwọn bàbá wa máa ń kọ gbèsè, iye ọmọ àti ọjọ́ ìbí sí.
2. Ẹ kọ orúkọ bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́, àṣìkọ àti gbogbo rẹ̀. Bó bá kọ "Momodu", ẹ má yí i sí "Muhammed".
3. Ẹ kọ ibi tí ìwé wà àti ọwọ́ ẹni tí ẹ ti rí i, pẹ̀lú déètì tí ẹ rí i.
4. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rí i, ẹ ṣí àwòrán ojú ewé náà fúnra yín. Ẹni tó tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà lè máà gbọ́ Yorùbá, ó lè ka "Epe" sí ohun mìíràn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìtakora tí wọ́n ń mú wá bá mi ló parí síbí yìí.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wádìí ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde

Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lórí bébà:

- Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún akọ̀wé? Ṣé olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí ìyàwó, ọmọ, onílé, alábàágbé?
- Ṣé ẹni náà wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tó ń sọ ṣẹlẹ̀?
- Ọdún mélòó ló ti kọjá kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀?
- Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe?
- Ta ló jèrè bí ọjọ́ orí bá ga, ta ló jèrè bó bá kéré?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí lágbára. Ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba pẹ́ lọ́wọ́ òun máa dín ọjọ́ orí kù. Àwọn ọmọ tó fẹ́ kí òkú bàbá wọn níyì máa fi kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ san owó orí máa ní òun ò tíì dàgbà.

Ìkìlọ̀: ìwé méjì tó ti ẹnu kan ṣoṣo jáde, ẹ̀rí kan ni. Bí bàbá bá búra ọjọ́ orí ní kóòtù, tó wá fi ìwé ìbúra yẹn gba ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdìbò, ìwé mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ẹnì kan ni, àbí ẹni méjì?

Ibí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń so èèyàn méjì pọ̀ nítorí orúkọ dọ́gba. Àwọn mìíràn sì ń pín ẹnì kan sí méjì nítorí orúkọ yàtọ̀. Nílẹ̀ wa, orúkọ ló dín lágbára jù nínú gbogbo àmì. Nínú agbo ilé ńlá kan l'Òkè-Balógun, Táíwò mẹ́ta lè wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà láìsí àṣìṣe kankan, nítorí ìyá mẹ́ta ló bí ìbejì. Bẹ́ẹ̀ ni Ìdòwú, bẹ́ẹ̀ ni Dàda. Bí ọmọ kan bá sì kú ní kékeré, wọ́n lè sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní orúkọ kan náà. Ìyẹn ni "Rásákì" inú ìwé kan fi lè dàgbà ju "Rásákì" inú ìwé kejì lọ ní ọdún mẹ́ta. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú yìí jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, kò rọrùn fún wọn láti sọ.

Àwọn àmì tó yẹ kẹ́ ẹ fi wé ara wọn nìwọ̀nyí:

- orúkọ ìyá
- agbo ilé àti àdúgbò
- iṣẹ́ (apẹja, àgbẹ̀, télọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà)
- orúkọ ìyàwó àgbà, tàbí ti ọkọ
- orúkọ àkọ́bí
- oríkì: Àjàní, Àkànní, Àlàbí, Àyìnkẹ́

Bí mẹ́ta nínú rẹ̀ bá bára mu, tí kò sì sí ohun kan tó sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ pé ẹnì kan ni. Bí kò bá pé mẹ́ta, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì, nítorí ó rọrùn láti so èèyàn méjì pọ̀ lọ́la ju láti tú wọn lọ.

Orúkọ ìyá ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bàbá kan lè ní ọmọ mẹ́tàlá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí kò mọ ìdí tó ti wá. Bí ìdílé yín bá ti pín ogún rí ní ìdí-igi (ìyẹn ni pé wọ́n pín in ní iye ìyàwó), ẹ wá àkọsílẹ̀ ìpín yẹn kẹ́ ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn: abẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti máa to ọmọ sí, lójú gbogbo àwọn tí ì bá bínú bí wọ́n bá gbé ẹnì kan sí ibi tí kò yẹ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tú orúkọ palẹ̀

Orúkọ méjì kì í ṣe ìtakora títí ẹ ó fi rí i dájú. Àlùfáà sọ ọmọ lórúkọ, ìyá àgbà náà sọ ọ́ ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ fún un ní ìnagijẹ, tíṣà wá kọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn tí mo máa ń rí jù ní Ẹ̀pẹ́:

- Búráímọ̀ àti Ibrahim
- Mọ̀mọ́dù àti Muhammed
- Yésúfù àti Yusuf
- Dísù àti Idris
- Gbàdàmọ́sí àti Badmus
- Lawani àti Lawal
- Shanusi àti Sanusi

Ẹ ṣọ́ra o: Yísà kì í ṣe Yésúfù. Isa ni.

Orúkọ ìdílé tún wá le jù. Tíṣà béèrè "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?", ọmọ ní "Dísù", orúkọ ìdílé di Disu lórí ìwé láti ọjọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ dé ilé ìwé mìíràn, ó dárúkọ agbo ilé, tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ọmọ ìyá kan náà, orúkọ ìdílé méjì. Nítorí náà ẹ má sọ pé wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí nítorí ìyẹn nìkan.

Ti àwọn obìnrin gba sùúrù. Ìyá tó ta ẹja ní ọjà Olúwo fún ogójì ọdún lè máà ní orúkọ kankan nínú ìwé ju "Ìyá Rásákì" tàbí "ìyàwó Búráímọ̀" lọ. Ìwé yìgì, ìwé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọjà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò fún orúkọ rẹ̀ gan-an.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ orí: ẹ wá ààlà

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nípa bíbéèrè ọdún wo ni wọ́n bí i. Ẹ wá ọdún tí wọn kò lè bí i ṣáájú rẹ̀ àti ọdún tí wọn kò lè bí i lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ìwé tó bọ́ sáàárín.

Ẹ jẹ́ ká fi Búráímọ̀ òkè yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ohun tó wà lọ́wọ́ nìyí:

- rìsíìtì owó orí 1948 (kò sí ọjọ́ orí lórí rẹ̀)
- ìwé ìbúra kóòtù 1976: wọ́n bí i ní 1925
- pósítà ìsìnkú 1998: ẹni ọdún 115, ìyẹn ni pé 1883
- ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an: "Ẹ̀yìn ìyá wa ni mo wà lọ́jọ́ tí ọ̀sán di òru."

Ọjọ́ tí ọ̀sán di òru yẹn ní déètì: òṣùpá bo oòrùn ní 20 May 1947. Ìyá tó gbé ọmọ jòjòló pọ̀n ní 1947 kò lè ti kọjá nǹkan bí àádọ́ta ọdún, nítorí náà wọn kò lè ti bí òun fúnra rẹ̀ ṣáájú nǹkan bí 1897. Bó bá tètè bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, Búráímọ̀ kò lè ti dáyé ṣáájú 1912. Owó orí tó san ní 1948 ní ó ti di géńdé nígbà náà, nítorí náà wọn kò bí i lẹ́yìn nǹkan bí 1930. Ààlà wa ni 1912 sí 1930. Ìwé 1976 bọ́ sáàárín. Ọjọ́ orí inú pósítà já bọ́. Mi ò ní tìtorí ìyẹn kọ 1925 sílẹ̀ bí ohun tó dájú, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ti jáde. "Láàárín 1912 sí 1930, òun fúnra rẹ̀ ní 1925" ni màá kọ.

Àwọn ọjọ́ tí àwọn àgbà rántí dáadáa, tó sì ní déètì:

- àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlẹ́ńsà, 1918 (ẹnu àwọn òbí wọn ni wọ́n ti gbọ́ ti èyí)
- òkùnkùn ọ̀sán, 20 May 1947
- ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955
- òmìnira, 1 October 1960
- ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún títì, 2 April 1972
- ọjọ́ tí náírà dé, 1 January 1973

Ẹ má bi wọ́n pé "Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í dára. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe: "Ṣé ẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà láìsí àgbà nítòsí? Ṣé wọ́n ti ń fi yín sílẹ̀ nìkan nídìí ọjà? Ṣé ẹ ti mú aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ fúnra yín?" Ìyẹn ni wọ́n máa rántí.

Nípa rẹ́jísítà ilé ìwé láti 1955: ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bó bá ti kan etí òsì, ó tó wọ ilé ìwé, wọ́n sì kọ ọdún tó bá a mu sílẹ̀. Ọmọ tó ga ní apá gígùn wọlé ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ kúkurú dúró di mẹ́jọ. Ẹ fàyè ọdún méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì.

Bí ọjọ́ orí bá ti inú ìwé Lárúbáwá àlùfáà wá, ọdún Hijira ni, ìyẹn kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí. Ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ọdún tí à ń kà, nítorí náà ọdún 33 níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 32 lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí àlùfáà pè ní ẹni 70 jẹ́ nǹkan bí 68.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ibi tó ti wá

Ìwé kan ní "Lagos", èkejì ní "Western Region", ẹ̀kẹta ní "Ijebu". Òótọ́ ni gbogbo wọn lè jẹ́. Ẹ̀pẹ́ ní Èkó Ẹ̀pẹ́, ó ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ Kọ́lọ́nì Èkó ló wà tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí 1951, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn (Western Region) títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967. Ẹni tó dé Liverpool ní 1921 kò ní máa ṣàlàyé Ẹ̀pẹ́ fún onílé rẹ̀. "Lagos, West Africa" ló máa sọ.

Èyí ló ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa wá fáìlì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kẹ́ ẹ béèrè fáìlì Kọmíṣọ́nà Kọ́lọ́nì (COMCOL ni àmì rẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gù). Fún ti Ìpínlẹ̀ Èkó, LASRAB (ilé àkójọ ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ náà) wà ní Magodo. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ lọ, pẹ́ńsù dípò bírò, kẹ́ ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Ẹ rántí pé apẹja ń tẹ̀ lé ẹja. Ẹni tó ní ilé ní Ayétòrò tún lè ní àgọ́ létí omi, kó sì san owó orí níbi tí wọ́n bá ti ká a mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ọmọ, bàbá, àbúrò

Akọ̀wé kọ "son", ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. Ó kọ "brother", ará agbo ilé ni. Ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo fún orúkọ kọ̀ọ̀kan: "Ta ló bí i nínú?"

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹnì kan tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì

Èyí wọ́pọ̀ nínú ìkànìyàn òkè òkun. Ní England 1921, ẹni tó bá sun inú ilé lóru ọjọ́ náà ni olórí ilé gbọ́dọ̀ kọ. Onílé tí atukọ̀ ojú omi kan sùn sí lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ìlú mìíràn náà kọ ọ́, nítorí ilé rẹ̀ kọ́ nìyẹn ni?

1. Ẹ rí i dájú pé déètì ìkànìyàn méjèèjì dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ó kàn kó kúrò ni.
2. Ẹ fi àmì Ìgbésẹ̀ 3 wé wọn.
3. Ẹ wo ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ gba onílé gbọ́ lórí ibi tó sùn. Ẹ gba ìyàwó gbọ́ lórí ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ti bí i àti iye ọmọ.
5. Ẹ so ìwé méjèèjì mọ́ orúkọ kan, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Ti Amẹ́ríkà 1950 yàtọ̀: ibi tí èèyàn ń gbé gan-an ni wọ́n béèrè, ẹni tó ń kànìyàn ló sì kọ ọ́. Bí kò bá bá ará ilé, ó lè béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Nínú rẹ́jísítà 1939 ẹ̀wẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí orúkọ ìdílé méjì lórí ìlà obìnrin kan, tí wọ́n fa igi lé ọ̀kan, kì í ṣe ẹni méjì: ó lọ́kọ lẹ́yìn náà, wọ́n sì tún ìwé ṣe.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Gbígba ìwé tó pẹ́ jù gbọ́ nítorí pé ó pẹ́. Ìwé 1948 tí alábàágbé sọ lè burú ju ti 1976 tí ìyá sọ lọ.
- Dída igi ìdílé ẹlòmíràn kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló ti rí i.
- Títún déètì inú ìwé ṣe kó lè bá èrò yín mu. Ẹ kọ èrò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.
- Gbígbọ́ ẹnu ẹ̀ka kan ṣoṣo. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá kejì.
- Gbígbé orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè síta. Ẹ má ṣe é.

## Bí àwọn àgbà kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀

Bí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ oyè bá wà nílẹ̀ nínú ìdílé, ìbéèrè "ta ló jẹ́ àkọ́bí?" kì í ṣe ìtàn lásán mọ́. Wọ́n máa rò pé agbẹjọ́rò ló rán yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àkọ́bí sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá: oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè, ibi tó ti wá, ọjà tó ń ná. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì ìdílé fún yín, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù bí wọ́n bá yọ̀ǹda. Bí wọ́n bá ní àwọn ò sọ̀rọ̀ rárá, ẹ lọ ka ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí àwọn bàbá wọn ti búra tí wọ́n sì to ìran wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ẹ ka ti olùpẹjọ́, ẹ ka ti olùjẹ́jọ́.

## Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ kọ ìdájọ́ yín sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo máa ń lò: ó dájú, ó jọ bẹ́ẹ̀, a kò tíì mọ̀, a kò gbà á. Ẹ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, báyìí:

> Orúkọ: Búráímọ̀, tí wọ́n tún kọ ní Ibrahim. Ó dájú. Orúkọ ìyá, agbo ilé àti orúkọ àkọ́bí bára mu nínú ìwé mẹ́ta.
> Ìbí: 1912 sí 1930. Ó jọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní 1925.
> Ọjọ́ orí nígbà ikú, 115: a kò gbà á. Kò bá ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ mu.
> Ìyàwó àti ọmọ: láti inú pósítà 1998. Ó jọ bẹ́ẹ̀, ó ku ká fi wé ìwé ìpín ogún.
> Ìyàwó kejì: a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ká béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ẹ tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, ẹ fi fọ́tò àwọn ìwé náà sí àpò kan pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kejì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹ̀ka ìyá kejì.